Kaun Wà ní Ilé Ìdáná, Ọmọ Ń Há “Na” Sórí

Kò sí olùkọ́ kẹ́mísìrì ní Ìlọrin tí kò tíì gbọ́ ìbéèrè yìí rí. Ọmọ SS1 á nawọ́ sókè: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, sódíọ́ọ̀mù lẹ pè é. Kí ló dé tí ẹ kọ Na síwájú rẹ̀? Níbo ni N ti wá?” Olùkọ́ ọ̀hún, tí ọmọ kún kíláàsì rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, tí iṣẹ́ sáà ṣì pọ̀ nílẹ̀ fún un, á wo aago. “Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Há a sórí.” Ọmọ á jókòó. Ó lè máà béèrè nǹkan kan mọ́ títí yóò fi jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ohun tó ń dùn wá nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ilé ìdáná ìyá ọmọ yẹn ni ìdáhùn wà. Kaun tí ìyá rẹ̀ ń jù sínú ẹ̀wà kó lè tètè rọ̀, tó ń fi sínú ilá kó lè yọ̀, tí wọ́n ń kó wá láti agbègbè Adágún Chad, tó wà lórí àtẹ ní Ọjà Ọba àti ní Ìpàtà, sódíọ́ọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, òun àti kábọ́ọ̀nù, ọ́síjìn àti haidrójìn. Naṭrūn ni àwọn Lárúbáwá ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ara naṭrūn ni àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti yọ natrium, ara natrium sì ni Berzelius, ará Sweden, ti mú àmì Na ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn. Kaun ló ń jẹ́ Na. Gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún péré, ìbéèrè ti tán, ọmọ á sì délé ròyìn fún ìyá rẹ̀.

Ti pọtáṣíọ́ọ̀mù tilẹ̀ dùn jù báyìí lọ. K ni àmì tirẹ̀, láti ara kalium, èyí tó wá láti ara ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí eérú ewéko. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ńkọ́? “Eérú inú ìkòkò” ni, nítorí inú ìkòkò ni wọ́n ti máa ń sẹ́ omi eérú. Nígbà tí Humphry Davy fi iná mànàmáná yọ pọtáṣíọ́ọ̀mù àti sódíọ́ọ̀mù jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1807, inú ohun tí wọ́n ti ń fi eérú àti kaun ṣe ló ti yọ wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe ọṣẹ dúdú. Á sun èèpo kòkó tàbí àgbá ẹyìn tó ti gbẹ, á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tó dá ihò sí nídìí, á da omi lé e, á fi igbá gba omi tó ń kán. Omi yẹn a máa yọ̀ lọ́wọ́, a sì máa ta ẹnu. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ẹni kọkàndínlógún lórí àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì tí ọmọ rẹ̀ ń kọ lórin ní kíláàsì láìmọ̀ pé òun ti fi wẹ̀ láàárọ̀.

Ìlú yìí ló yẹ kí èyí kọ́kọ́ yé ju gbogbo ìlú lọ. Ìlọrin, ìlú kéwú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama láàárọ̀ ló ń gbé wàláà lọ́dọ̀ àfáà lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tàbí lópin ọ̀sẹ̀. Orúkọ kẹ́mísìrì fúnra rẹ̀, ẹnu Lárúbáwá ló ti gbà dé Yúróòpù: al-kīmiyā. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ọgọ́rùn-ún sẹ́yìn, al-Rāzī, oníṣègùn ńlá nì, ti jókòó pín àwọn ohun inú ayé sí ti ẹranko, ti ewéko àti ti inú ilẹ̀, ó sì kọ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ wọn àti bí wọ́n ṣe ń yọ́ wọn sílẹ̀. Ọmọ tó mọ álífù àti báù ti ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́ tí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò ní. Àwa àgbà ni kò sọ fún un pé ilẹ̀kùn kan wà tí kọ́kọ́rọ́ náà lè ṣí.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. A ń kọ́ àwọn ọmọ ní àtẹ ẹ́límẹ́ǹtì bí ẹni ń kọ́ wọn ní orúkọ àjèjì ogún tí wọn kò ní fojú kàn láé, bẹ́ẹ̀ àwọn ni wọ́n ń jẹ, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń wọ̀, tí wọ́n sì ń gbé sápò. Kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ilé ọmọ, kí ó gba inú láàbù kọjá, kó tó wá di ohun tí a ń há sórí.

A mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní àtẹ. Ẹ wo ìyá aláta nígbà tó bá ń patẹ láàárọ̀. Kì í da ọjà rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Tòmátì á wà lọ́tọ̀, tàtàṣé lọ́tọ̀, ata rodo lọ́tọ̀. Àwọn ńlá lẹ́yìn, àwọn kéékèèké níwájú. Ẹni tó bá dúró lókèèrè á mọ ohun tó wà níbẹ̀ àti iye tó máa tó. Ohun tí Dmitri Mendeleev ṣe fún gbogbo ayé gan-an nìyẹn. Ará Rọ́ṣíà ni, ní Tobolsk ní Siberia ni wọ́n bí i sí ní 1834. Ojú bàbá rẹ̀ fọ́, ìyá rẹ̀ ló ń bójú tó ilé iṣẹ́ dígí tí wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí bàbá kú, tí iná sì jó ilé iṣẹ́ náà, obìnrin yẹn mú àbíkẹ́yìn rẹ̀ rin ìrìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ wá ilé ìwé fún un. Nígbà tí ọmọ náà di olùkọ́ ní fásitì St Petersburg, kò rí ìwé tó dára tó láti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní kẹ́mísìrì, ló bá ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ́límẹ́ǹtì 63 ni ayé mọ̀ nígbà náà. Báwo ni òun yóò ṣe tò wọ́n kí ó lè yé ọmọ? Orí ìbéèrè yẹn ló wà ní 1869 tí àtẹ náà fi já sí i lọ́wọ́. Ìṣòro olùkọ́ nínú kíláàsì ló bí i. Ó yà wá lẹ́nu pé ohun tí wọ́n ṣe kí ẹ̀kọ́ lè rọrùn ni a wá sọ di ẹrù lórí ọmọ.

Mendeleev sì tún ṣe ohun kan tí gbogbo ará ọjà mọ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dé, bí ìyá kan ṣe ń gba ààyè pa mọ́ fún ẹnìkejì rẹ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́nà. Ó ní ẹnì kan ń bọ̀ wá jókòó lábẹ́ sílíkọ́ọ̀nù, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sì tó 72. Ní 1886, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Winkler rí i ní Jámánì, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 72 àti díẹ̀. Méjì mìíràn tó fi àyè sílẹ̀ fún ti dé ṣáájú rẹ̀: galíọ́ọ̀mù ní 1875, skándíọ́ọ̀mù ní 1879. Lónìí, 118 ló wà lórí àtẹ náà, ọdún 2016 ni wọ́n sì sọ mẹ́rin tó dé kẹ́yìn lórúkọ.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ kí ó yé ọmọ Yorùbá ìdí tí òpó kọ̀ọ̀kan fi wà lóòró, kó sọ pé ìdílé ni. Olúkúlùkù ìdílé ló ní oríkì, ẹni tó bá sì mọ oríkì ilé, ó ti mọ ìwà ọmọ ibẹ̀ kí ó tó rí i. Lítíọ́ọ̀mù, sódíọ́ọ̀mù àti pọtáṣíọ́ọ̀mù, ọmọ ilé kan náà ni wọ́n. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà lóde olúkúlùkù wọn, ara wọn kì í sì balẹ̀ títí wọn yóò fi rí ẹni gbé e fún. Bí wọ́n bá ju lítíọ́ọ̀mù sómi, á máa hó. Sódíọ́ọ̀mù á yọ́ di róbótó, á máa sáré kiri ojú omi. Pọtáṣíọ́ọ̀mù á gbiná lójú ẹsẹ̀, ahọ́n iná rẹ̀ á dà bí àwọ̀ àlùkò. Lápá ọ̀tún àtẹ ni ilé kílórììnì wà, ẹyọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ló kù kí wọ́n yó. Èyí ń wá ẹni tí yóò fún, ìyẹn ń wá ẹni tí yóò fún òun. Nígbà tí sódíọ́ọ̀mù tó ń bá omi jà bá pàdé kílórììnì tó jẹ́ gáàsì olóró, ohun tí wọ́n bí ni iyọ̀ tí a ń fi sínú ọbẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé rẹ̀ mọ́.

Kí olùkọ́ kan náà tún bi wọ́n ní ìbéèrè yìí: wúrà wà lórí àtẹ, fàdákà wà níbẹ̀, bàbà wà, òjé wà, irin wà. Kí ló dé tí idẹ kò sí níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Bí ariwo bá ti rọlẹ̀ ni kó tó sọ fún wọn pé bàbà àti síńkì ni wọ́n yọ́ pọ̀ tó di idẹ, àtẹ yìí kì í sì í gba ohun tí ènìyàn lè tú palẹ̀ sí méjì. Ìyàtọ̀ láàárín ẹ́límẹ́ǹtì àti àdàpọ̀, tí ìwé fi ọ̀pọ̀ ojú ewé ṣàlàyé, á ti wọlé.

Ọ̀rọ̀ láàbù ló kàn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama wa, láàbù kẹ́mísìrì wà, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Eruku ti bo àwọn ìgò, àkọlé ti ṣí kúrò lára òmíràn, ẹ̀rọ omi kò yọ omi. Ìgbà tí WAEC bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí ìwé tó ń sọ irú kẹ́míkà tí wọ́n máa lò bá ti dé, ni wọ́n tó ń sáré kiri wá búrẹ́ẹ̀tì àti pìpẹ́ẹ̀tì. Ọmọ á wá máa fọwọ́ kan ohun tí ó ti kà nípa rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdánwò. Ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ó mọ ìtumọ̀ títréṣọ̀n lórí ìwé, kò mọ bí àwọ̀ ṣe ń yí padà lójú ẹni. Ìwé New School Chemistry ti Osei Yaw Ababio, ọmọ Gánà, tí ọ̀pọ̀ wa fi kọ́ kẹ́mísìrì, ìwé dáadáa ni, ṣùgbọ́n ìwé kò ní òórùn, kì í sì í hó.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni dúró de owó ńlá kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ se ìṣápá, èyí tí a fi ń ṣe sóbò, ẹ má fi ṣúgà sí i, ẹ má fi ata ilẹ̀ sí i. Ẹ bù ú sínú ife mẹ́ta tó mọ́ gaara. Ẹ fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì: pípọ́n rẹ̀ á mọ́lẹ̀ sí i, á dà bí aṣọ pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ ro omi kaun sínú ẹ̀kẹta díẹ̀díẹ̀: pupa á kọ́kọ́ ṣú, á di bí àwọ̀ àlùkò, á sì wá máa fà sí dúdú aláwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ á ti dìde dúró. Ó wá ku èyí tó dára jù. Ẹ padà fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife ẹ̀kẹta yẹn, ẹ̀kán kan lẹ́yìn òmíràn, kí ọmọ kan máa ka iye ẹ̀kán. Á hó, á yọ fóòmù, nítorí ásíìdì ọsàn ń lé gáàsì jáde nínú kaun. Ní ẹ̀kán kan báyìí, pupa á padà dé. Ọmọ tó ka ẹ̀kán yẹn ti ṣe títréṣọ̀n. Owó tí wọ́n ná kò tó owó ìpápánu ọjọ́ kan. Lẹ́yìn èyí, bí ẹ bá gbé búrẹ́ẹ̀tì fún un, kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tó ti ṣe olórí àjọ tó ń mójú tó àwọn fásitì ní Nàìjíríà, ti ń polongo ọ̀nà kan tó bá èyí mu: kí olùkọ́ sọ ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ fún ọmọ ṣáájú, kí ọmọ lọ bi àwọn ará ilé rẹ̀ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀, kí ó sì mú un wá sí kíláàsì. Ìlú wo ni èyí ìbá ti rọrùn bí Ìlọrin? Ìtàn ní “ìlọ irin” ni orúkọ ìlú wa, láti ara òkúta tí àwọn ará àtijọ́ ti ń pọ́n irin iṣẹ́ wọn, tí wọ́n ṣì ń tọ́ka sí ní Ìdí Àpé. Ẹ́límẹ́ǹtì kẹrìndínlọ́gbọ̀n ló wà nínú orúkọ ìlú tí ọmọ ń kọ sí orí ìwé ìdánwò rẹ̀. Ẹ kó wọn lọ sí Dáda, ní Òkèlele, kí wọ́n wo àwọn ìyá amọ̀kòkò lẹ́nu iṣẹ́. Alumíníọ́ọ̀mù, sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ló pọ̀ jù nínú amọ̀ tí wọ́n ń gún, irin díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Irin yẹn ló ń gba ọ́síjìn nínú iná tí ìkòkò fi ń jáde ní pupa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá oníwàrà bí wọ́n ṣe ń fi omi bọmubọmu mú wàrà dì. Ìbéèrè pọ̀ nílẹ̀ yìí ju ohun tí síléébù lè gbà lọ.

Àwọn kan yóò ní: “Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC fi ń ṣe ìdánwò, ẹ má fi Yorùbá dí àwọn ọmọ lọ́wọ́.” A gbọ́. Ìjọba àpapọ̀ náà ti lọ, ó ti bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí: ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí a fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti wọ́gi lé e. A kò fara mọ́ ìwọ́gilé náà. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ti dán èyí wò ní Ilé-Ifẹ̀ láti ọdún 1970. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọn kò rẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́.

Àwọn tó sì ń sọ pé èdè wa kò gba kẹ́mísìrì, kí wọ́n wo Jámánì. “Èròjà omi” ni ìtumọ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe haidrójìn, Japan náà ń pè é ní ẹ́límẹ́ǹtì omi. Haidrójìn tí a ń pè yìí gan-an, èdè Gíríìkì ni, “abí-omi” ló túmọ̀ sí. Kí olùkọ́ sọ abí-omi fún ọmọ kí ó tó kọ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sójú pátákó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yóò kọ sínú ìdánwò, kò burú. Ṣùgbọ́n kí nǹkan náà ti yé e kí ó tó kọ ọ́.

Àìmọ̀ kẹ́mísìrì ń pa ènìyàn, ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wa lára nìyẹn. Ní 2010, ní Zamfara, àwọn ènìyàn ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé wọn, òjé wà nínú òkúta náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ló sì bá a lọ. Ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ní 2011, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n wá ìdí rẹ̀, tìróò tí wọ́n ń lé fún un lójú ni. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé inú rẹ̀ lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Tìróò kan náà tí wọ́n ń tà ní ọjà wa! Pb, ẹ́límẹ́ǹtì kejìlélọ́gọ́rin. Ọmọbìnrin tó ń há Pb sórí ní SS1 lónìí lè máa lé e fún ọmọ tirẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá òní bí ẹnikẹ́ni kò bá so méjèèjì pọ̀ fún un. Ẹni tó ń da ohun ìfọṣọ tó ń mú aṣọ funfun pọ̀ mọ́ ásíìdì ìfọ̀gbọ̀nsẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, gáàsì kílórììnì ló ń ṣe jáde fún ara rẹ̀.

Lítíọ́ọ̀mù sì wà, ẹnì kẹta lórí àtẹ. Inú bátìrì fóònù gbogbo wa ló wà. Òkúta tó ní in nínú wà ní ìgbèríko Kwara níbí, EFCC sì ti gbé àwọn kan lọ sílé ẹjọ́ ní Ìlọrin lórí wíwà á láìgbàṣẹ. Àwọn àjèjì mọ ohun tó wà nínú ilẹ̀ wa. Ọmọ tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ náà ń kọ ọ́ lórin.

A kò dá olùkọ́ lẹ́bi. Ẹnì kan náà ló ń kọ́ kẹ́mísìrì àti físíìsì ní ibòmíràn, tó tún ń ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń bójú tó láàbù. Ìjọba Kwara àti TESCOM, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ olùkọ́, ni a ń bá wí: ẹ gba olùkọ́ kẹ́mísìrì sí i, ẹ gba ẹni tí yóò máa bójú tó láàbù, ẹ sì fi owó ohun èlò sínú ìnáwó sáà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ ìdánwò nìkan. Fásitì Ìlọrin àti ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn olùkọ́ tó wà nínú ìlú yìí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni lọ́dọọdún. Ẹ jẹ́ kí ṣíṣe àyẹ̀wò kan níwájú ọmọ wà lára ohun tí ẹ ó fi gbà wọ́n yege. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó dá owó ọ̀dà ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ṣí láàbù kẹ́yìn.

Sáà àkọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ SS1 ti fọwọ́ kan búrẹ́ẹ̀tì kó tó di oṣù kejìlá. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bí ọmọ bá sì tún nawọ́ sókè béèrè ibi tí Na ti wá, ẹ sọ fún un pé kí ó bu kaun díẹ̀ wá láti ilé lọ́la.